Ta Ló Ń Gba Ibẹ̀ Kọjá?

Ẹ wo ilé fésì-mí-àì-fésì-yú kan, bóyá ní Múṣín l'Ékòó tàbí ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn. Fàráńdà wà níwájú. Pásẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Tí èèyàn bá la pásẹ́ẹ̀jì náà já, á bọ́ sí àgbàlá, níbi tí ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé yìí rí ti mọ ohun púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò jókòó kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ níwájú ló máa ń mọ ẹni tó wá kí ta ni. Ó mọ̀ pé tí ẹnì kan bá ń dín ẹja, gbogbo ilé ló gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé pásẹ́ẹ̀jì ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀, pé ibẹ̀ náà ni àwọn àgbà ilé ti ń pẹ̀tù sí i, àti pé ayálégbé méjì ò lè bá ara wọn yan odì kó pẹ́ kí gbogbo ilé tó mọ̀. Lándílọọ̀dù ò kọ ìkankan nínú èyí sínú ìwé àdéhùn. Bí ọ̀nà ṣe gba inú ilé náà kọjá ló bí gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó fi irú nǹkan báyìí ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ Bartlett, tó jẹ́ ara University College London, ní àdúgbò Bloomsbury ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń fi odindi ọdún kan kọ́ àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́ ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Space Syntax: Architecture and Cities. Oyè másítà ni. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ, ìdáhùn rẹ̀ ló ń gba ọdún: tí a bá to àyè báyìí, ta ni yóò máa pàdé ta? Ẹwà ògiri kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ wọ́n lógún, kì í sì í ṣe irú òrùlé tàbí fèrèsé. Ibi tó ṣófo láàárín ògiri, níbi tí èèyàn ti ń rìn, tó ti ń dúró, tó ti ń rí ẹlòmíì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ka ìmọ̀ ilé yíyà ló ń rò pé ohun àjèjì pátápátá nìyí. Èmi gbà pé ẹni tó dàgbà nínú agbo ilé, tàbí nínú ilé oní-pásẹ́ẹ̀jì, ti mú ìbéèrè náà lọ́wọ́ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló kù tó máa kọ́.

Bill Hillier àti Julienne Hanson ló kọ ìwé tó fi ẹsẹ̀ ìmọ̀ yìí múlẹ̀, The Social Logic of Space, tó jáde ní 1984. Hillier kọ́ni ní Bartlett fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2019. Ohun tí àwọn méjèèjì dúró lé lórí ni pé yàrá kan ò lè dá jẹ́ nǹkan kan. Ipò rẹ̀ láàárín gbogbo yàrá yòókù ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́: ẹnu ọ̀nà mélòó lèèyàn máa gbà kó tó débẹ̀, ọ̀nà mélòó ló wọ ibẹ̀, ta ló di dandan fún kó gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ìwọ̀nyí sì ṣeé kà.

Ẹ jẹ́ ká ka ilé tí mo ṣàpèjúwe yẹn. Ẹ fi àmì kan dúró fún àyè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa ìlà láàárín àmì méjì níbikíbi tí ẹnu ọ̀nà bá ti so wọ́n pọ̀. Ìgboro jẹ́ ọ̀kan, fàráńdà ọ̀kan, pásẹ́ẹ̀jì ọ̀kan, yàrá mẹ́jọ, àgbàlá ọ̀kan, lẹ́yìn náà ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹ wá dúró sí pásẹ́ẹ̀jì, kí ẹ ka iye ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà kí ẹ tó dé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 14 yòókù. Fàráńdà, yàrá mẹ́jọ àti àgbàlá, ẹnu ọ̀nà kan péré ni sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 10 nìyẹn. Ìgboro, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá, ẹnu ọ̀nà méjì-méjì ni, 8 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di 18. Tó bá jẹ́ inú yàrá kan lẹ dúró sí, iye náà di 31. Nínú ṣáláńgá, 38. Láti ìgboro, 42. Ẹ pín 42 sí 14, ẹ ó rí 3: ìpele mẹ́ta ni àlejò tó wà níta fi jìnnà sí inú ilé náà, tí a bá ṣírò rẹ̀ dọ́gba-dọ́gba.

Ibi tí iye rẹ̀ bá kéré jù ló sún mọ́ gbogbo ibi jù. Nítorí náà ohun tí ayálégbé ti ń fojú rí láti ọjọ́ pípẹ́ ló wà nínú 18 yẹn: kò sẹ́ni tó lè ti yàrá rẹ̀ lọ síbì kankan nínú ilé náà láìfẹsẹ̀ kan pásẹ́ẹ̀jì, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí pásẹ́ẹ̀jì ò ní mọ̀.

Ẹ tún ṣe ohun kan sí i. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìn àgbàlá, kó já sí ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ẹ ka ọ̀nà ẹ̀yìn náà mọ́ ìgboro. Iye ti pásẹ́ẹ̀jì ò yí padà, 18 náà ló ṣì jẹ́. Ti ìgboro ló já láti 42 sí 34. Balùwẹ̀, tó ti jìnnà sí ìta ní ìpele mẹ́rin, wá di ìpele méjì péré. Ayálégbé tó fẹ́ jáde ní ìdájí láìkọjá níwájú yàrá àkọ́kọ́ ti rí ọ̀nà, olè náà sì ti rí ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín lándílọọ̀dù àti àwọn tó ń sanwó ilé fún un, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ìwà ahun ni lándílọọ̀dù ń hù. Ohun tó wà níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo bá wà, ẹni tó jókòó sẹ́nu rẹ̀ ló ń ṣàkóso. Tí ọ̀nà bá ti lè yí po, tí èèyàn lè gba ibí jáde kó sì gba ọ̀hún wọlé, agbára yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé oní-pásẹ́ẹ̀jì yìí ní ìtàn. Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá ló to yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òrùlé sì wà níwájú àwọn yàrá náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ti ń gbàlejò, tí ọmọdé ti ń sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti Brazil sí Èkó ní ọ̀rúndún 19, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tí gbọ̀ngàn gba àárín rẹ̀ kọjá, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Ilé náà tàn kálẹ̀ dé ìlú tí Àgùdà kankan ò gbé rí. John Michael Vlach, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí lórí àwọn ilé yìí, rí i pé gbọ̀ngàn àárín ló gba iṣẹ́ àgbàlá ṣe, pé ìdí nìyẹn tí ilé àjèjì náà fi tètè mọ́ àwọn Yorùbá lára. Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí gan-an. Ojú ilé yí padà láti òkè délẹ̀, koríko di páànù, ògiri amọ̀ gba sìmẹ́ńtì àti òdòdó yíyà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi àmì àti ìlà ya méjèèjì, ẹ ó rí i pé àmì kan ṣì wà láàárín tí gbogbo yàrá so mọ́, ibi tí gbogbo ilé jọ ni. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò nìkan kọ́ ìtàn ilé wa á ní ohun gbogbo ti yí padà. Ẹni tó ń ka ọ̀nà á rí ohun tó dúró.

Ààfin la ti ń rí bí jíjìn sínú ṣe ń gbé ipò yọ. Àgbàlá ààfin Ọ̀wọ̀, tí wọ́n ń pè ní ùghà níbẹ̀, pọ̀ débi pé wọ́n máa ń sọ pé ó tó ọgọ́rùn-ún nígbà kan. Èèyàn kì í ti ojúde bọ́ sọ́dọ̀ Ọlọ́wọ̀ tààrà. Nínú ilé tiwa náà, ká tó máa sọ ti ọba, àlejò kan ò ní kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, òmíràn á dé pálọ̀, mọ̀lẹ́bí nìkan ló ń dé yàrá. Onílé ló wà nínú lọ́hùn-ún, àlejò wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Hillier àti Hanson wá tọ́ka sí ilé kan tí ètò yìí dorí kodò nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti gbà pé ìmọ̀ yìí wúlò fún wa ju ká fi gboyè lọ. Ẹ wo ọsibítù. Àlejò ni aláìsàn, òun sì ni wọ́n gbé lọ sí yàrá tó jìnnà jù. Onílé ni dókítà àti nọ́ọ̀sì, àwọn ló sì ni pásẹ́ẹ̀jì. Àwọn ló ń lọ tó ń bọ̀, tí wọ́n ń wọ ibi tó wù wọ́n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún ni kò ní agbára, ẹni tó ni ọ̀nà ló ni í. Ẹ wá ro ti àwọn èèyàn wa tó ń bá aláìsàn wọn sùn, tí wọ́n tẹ́ ẹní sí pásẹ́ẹ̀jì ọsibítù, tí wọ́n gbé fúláàsì omi gbígbóná àti kúlà oúnjẹ kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n kúrò lọ́nà. Wọ́n á ní àwọn ò lè fi ìyá àwọn sílẹ̀. Ìwà ọ̀hún, ohùn líle, ẹ̀bẹ̀, gbogbo rẹ̀ la máa ń gbé sórí ènìyàn. Mo sọ pé inú àwòrán ilé náà ni ìjà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó yà á kò rántí pé ní ilẹ̀ yìí aláìsàn kì í dá wá. Kò ya ibì kankan sọ́tọ̀ fún ẹbí, ẹbí sì jókòó síbi tí wọ́n yà fún òṣìṣẹ́. Ayàwòrán ilé tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan dúró síbẹ̀, kó ka àwọn tó sùn, ibi tí wọ́n sùn sí àti ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì ń rìn, máa ya ọsibítù tó yàtọ̀.

Nínú ìlú, òpópónà gba ipò yàrá. Àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ yìí máa ń fa ìlà tó tọ́, èyí tó gùn jù tí èèyàn lè rìn láìyà, títí ìlà tó kéré jù ní iye á fi kárí gbogbo òpópónà. Wọn kì í kọ́kọ́ ka kìlómítà; iye ìgbà tí èèyàn máa yà ni wọ́n ń kà. Kọ̀ǹpútà á wá kun ìlà tó sún mọ́ gbogbo ìlà yòókù ní àwọ̀ pupa, á kun èyí tó jìnnà ní àwọ̀ búlúù. Ní 1993, Hillier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tó bi ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò wó. Wọ́n ní ọjà kọ́ ló kọ́kọ́ ń fa èrò. Bí òpópónà ṣe so pọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé èrò gba ibì kan. Oníṣòwò rí èrò, ó gbé àtẹ síbẹ̀. Àtẹ wá fa èrò mìíràn kún un. Mi ò rò pé ìyálọ́jà kankan máa jà wọ́n níyàn. Ìlú wa àtijọ́, bí Akin Mabogunje àti àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, fi ààfin sí àárín, ọjà ọba sí iwájú ààfin, ọ̀nà tó lọ sí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tó ń ti ẹ̀bá ìlú kan lọ sí ẹ̀bá kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣàìgba ọjà kọjá. Àwọn tó tẹ ìlú wọ̀nyẹn dó ò ní kọ̀ǹpútà, wọ́n mọ ibi tí àwọ̀ pupa máa wà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n máa ń fi han àjèjì ni Trafalgar Square. Nígbà kan, ọkọ̀ ń gba ọ̀nà tó wà láàárín gbàgede náà àti ilé àwòrán National Gallery kọjá ní àríwá. Nígbà tí iléeṣẹ́ ayàwòrán ilé Norman Foster gba iṣẹ́ àtúnṣe ibẹ̀, àwọn ọmọ Space Syntax lọ dúró, wọ́n ń ka àwọn tó ń kọjá, wọ́n ń ya ipa ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń gba ẹ̀gbẹ́ yí i po ni, wọn kì í gba àárín rẹ̀. Gbàgede tó lókìkí káàkiri ayé, onílé ò fẹsẹ̀ kàn án. Wọ́n ní kí wọ́n la àtẹ̀gùn ńlá sí àárín apá àríwá, kí èèyàn lè ti iwájú ilé àwòrán sọ̀kalẹ̀ tààrà. Ní 2003, wọ́n dí ọ̀nà ọkọ̀ náà, wọ́n ṣí àtẹ̀gùn. Lónìí, ẹni tó bá débẹ̀ á bá èrò lórí àtẹ̀gùn yẹn, àwọn kan jókòó, àwọn kan ń gbà á kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ géètì ló kàn wá jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní 1972, Oscar Newman, ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan, Defensible Space, tó ní kí wọ́n to ilé lọ́nà tí àdúgbò máa fi jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí àjèjì lè mọ̀ pé ojú wà lára òun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Hillier ti dá a lóhùn, kò sì jáwọ́ nínú àríyànjiyàn náà fún ìgbà pípẹ́. Lójú tirẹ̀, àjèjì tó ń kọjá lọ jẹẹ́jẹ́ wà lára ààbò àdúgbò. Ó tọ́ka sí àwọn ilé tí ìjọba kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọ̀nà inú wọn lọ́ kọ́lọkọ̀lọ débi pé àgbàlagbà kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́ àyàfi tó bá ń gbé ibẹ̀, tí ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ lè rìn jìnnà láìfojú kan ẹlòmíì.

L'Ékòó àti n'Íbàdàn, ẹgbẹ́ lándílọọ̀dù ti fi géètì dí ẹnu òpópónà púpọ̀. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí adigunjalè ti wọlé rẹ̀ lóru ò ní dúró gbọ́ ìwé kankan. Ní aago kan òru, Newman ló jàre. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo gbà pé Hillier ló jàre, nítorí géètì tí wọ́n tì ní kété tí ilẹ̀ ṣú, tí wọn ò sì ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ mọ́ rárá, ti sọ òpópónà tó já di òpópónà tí kò já. Obìnrin tó ń dín àkàrà ní ìkángun ibẹ̀ pàdánù àwọn tó máa ń kọjá. Àtùpà rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ojú tó ń ṣọ́ ibẹ̀ láìgba owó oṣù bá a lọ. Kí ẹgbẹ́ tó ra irin géètì míì, ó yẹ kí wọ́n rán ọ̀dọ́ méjì lọ ka iye èèyàn tó ń gba ibẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ dí.

Iṣẹ́ kíkà yìí gan-an wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Bartlett ń ṣe. Á dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà, á fojú fa ìlà kan kọjá ojú ọ̀nà, á ka gbogbo ẹni tó bá ré e kọjá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á lọ sí ibòmíràn, á tún padà wá ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́, nínú òjò. Á fi ohun tó kà wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. depthmapX ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò, Alasdair Turner tó ti di olóògbé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bartlett. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Ọ̀tà tàbí ní Pọ́tónófò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà ní alátakò. Ní 2004, Carlo Ratti kọ̀wé pé ìlà nìkan ò mọ bóyá ilé alájà kan tàbí ogún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Hillier àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Alan Penn, fèsì. Èmi rí i pé ọ̀rọ̀ Ratti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn ò sì ní kí n da ìwọ̀n náà nù.

Níbi tiwa, ohun mìíràn tún wà tí ìlà ò mọ̀. Láti Mápó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, ọ̀nà ẹsẹ̀ gba àárín agbo ilé kọjá, ó gba ojúde ẹnì kan, ó fẹ̀gbẹ́ kan ibojì baba ńlá wọn, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sí lórí máàpù. Ṣé ìgboro ni àbí inú ilé? Ọmọ àdúgbò á kọjá, á kí àwọn tó jókòó, wọ́n á dá a lóhùn. Àjèjì náà lè kọjá lọ́sàn-án tó bá kí wọn dáadáa. Tó bá di alẹ́, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ya ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó wà ní ojúde ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kó kọjá àti ìgbà tí wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Á ya máàpù kan tí ọ̀nà wọ̀nyẹn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, á ya òmíràn tí wọ́n tì pa fún àjèjì, á ya ẹ̀kẹta fún alẹ́. Á wá dúró ka àwọn tó ń kọjá, kó mọ èwo nínú mẹ́ta náà ni ẹsẹ̀ wọn bá mu.